Olùkọ́ Èkúté

Ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí káfíńtà ṣí fìlà fún èkúté. Aránṣọ tó wà lódìkejì òpópó máa ń sọ pé èkúté náà tóbi tó ológbò, pé ó sì fi orí dá káfíńtà lóhùn. Irọ́ ni. Kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin méjì lọ, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ojú ló ń fọ. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí kò nílò àbùmọ́.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, nílé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n káfíńtà obìnrin, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Búrẹ́dì ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, àwọn oníbàárà tò dé ẹnu ọ̀nà, Àlùfáà ìjọ wọn sì wà láàárín wọn pẹ̀lú àpò ọ̀rá lọ́wọ́. Káfíńtà já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó gbé tàkúté tuntun kalẹ̀ lẹ́bàá àpò ìyẹ̀fun. Òun ló pé ọgbọ̀n nínú àwọn tàkúté tó ti ṣe. Ó fi orí ẹja gbígbẹ sí i, ó kọjú sí àwọn èrò, ó ní bí tàkúté yìí kò bá mú èkúté kí aago méjìlá tó lù, òun fúnra òun yóò jẹ orí ẹja náà lójú gbogbo wọn.

Èkúté kò jẹ́ kó di aago méjìlá. Ó yọ jáde lábẹ́ pẹpẹ, ó yí tàkúté ká lẹ́ẹ̀kan, ó gbóòórùn wáyà rẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì fọ ojú. Káfíńtà wò ó títí, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ìyá ìyá yín ni mo kọ́kọ́ pa. Gbogbo òmùgọ̀ ìdílé yín, mo ti pa wọ́n tán. Èmi ni mo kọ́ yín." Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ orí ẹja, ó sì jẹ ẹ́ teegunteegun.

Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun. Dúdú ló wọ̀ wá, funfun ló wọ̀ lọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ọ́ lọ," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí o ti mọ̀rọ̀ í sọ, o kò kí mi báyẹn rí." Láti ọjọ́ náà lọ, Olùkọ́ Èkúté ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ohun tó ba Ìyá Oníbúrẹ́dì nínú jẹ́ kì í ṣe ìtìjú. Ìtìjú a máa gbẹ, a máa gbọ̀n dànù bí ìyẹ̀fun lára aṣọ. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ sọ tẹ̀lé e ló dùn ún. Bó ṣe ń nu ẹnu lọ́wọ́ ló ń ṣàlàyé fún àwọn èrò pé kò sí ẹni tó jókòó tó fi ọgbọ́n sí èkúté yẹn lórí. Ó ní nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá èkúté kan bí, méjì á máa sáré sídìí oúnjẹ láìwẹ̀yìn, méjì á kọ́kọ́ gbóòórùn, àwọn yòókù á wà láàárín. Tàkúté á pa èyí tó ń sáré. "Èyí tó kù ló ń bímọ," ló wí, "ọmọ a sì máa jọ ìyá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, kí ẹ wá wo ohun tí ẹ máa ní nílé." Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí kì í fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láàárọ̀ láìkọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, gbójú sókè wo àjà, ó ń retí kó já lé wọn lórí. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo nìyí. Bó bá kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, níbo ni òun yóò ti rí i mọ́? Àjà náà kò já. Àbúrò rẹ̀ ló fi ìṣó kàn án.

Kò sẹ́ni tó rí ọkùnrin yìí kó jókòó rí. Àga tó ṣe wà ní gbogbo ilé tó wà ní òpópó náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, ìdúró ló fi ń jẹun, á sì máa fi ìrù ṣíbí wọn tábìlì. Bó bá yà kí ọ, kí o tó bu omi wá, ó ti yọ ilẹ̀kùn rẹ kúrò lára férémù, ó ní ó ń dún. Nígbà tí ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì kú, tó fi ààrò kan àti èkúté tí kò níye sílẹ̀ fún un, àbúrò rẹ̀ ní òun á wá fi ọ̀sẹ̀ kan bá a ṣe tàkúté. Ó gba yàrá tó wà lẹ́yìn ààrò. Ọ̀sẹ̀ kan náà gba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ya tàkúté àkọ́kọ́ sórí ìwé. Ó fi rúlà fà á, ó fi pẹ́ńsù pupa kọ nọ́ńbà sí gbogbo igun rẹ̀, ó ní irú rẹ̀ kò tíì sí láyé. Ọjọ́ tó dẹ ẹ́, ohun méjì ló mú: àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀ láàárọ̀, àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn èkúté ní tiwọn jẹ ìwé tó yà á sí.

Nígbà tó ń ṣe èkejì, ayùn yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé ilẹ̀kùn tàkúté náà kúrú. Inú bí i, ó jù ú sí kọ̀rọ̀ kan. Ilẹ̀kùn tó kúrú ni kò ha mọ́, kíá ló ń já wálẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èkúté mọ́kànlá ló ti mú. Láti ìgbà náà, kò yàwòrán mọ́. Èyí tó bá mú èkúté ni yóò wò ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì: wáyà ìkan á gùn díẹ̀, pákó ìkan á nípọn díẹ̀. Èyí tó bá mú jù, á tún wò ó ṣe. Èyí tí kò mú nǹkan kan, inú ààrò ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ búrẹ́dì òpópó yẹn lásìkò náà, kó mọ̀ dájú pé tàkúté tí kò mọ iṣẹ́ ló yan án fún un.

Ọ̀rọ̀ ológbò ló tẹ̀lé e. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ológbò kan tí kò ní ìrù, ọ̀lẹ paraku, ṣùgbọ́n ó ń rí oúnjẹ tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlùfáà rí èkúté kan tó lúgọ sórí ìyẹ̀fun tó dànù sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́, nítorí ara rẹ̀ ti rí bí ìyẹ̀fun tó pẹ́ nínú àpò. "Ẹ wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá," ni Àlùfáà wí. "Ó fi àwọ̀ ìyẹ̀fun wọ̀ ọ́ kí ọ̀tá má bàa rí i." Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣe àmín, ó gbójú sókè.

"Ológbò ló kùn ún," ni ohùn káfíńtà wí láti orí àkàbà.

Àlùfáà bi í pé kí ló wí.

"Ológbò yìí ni. Nígbà tí mo dé ibí, dúdú ló pọ̀ nínú wọn, àwọn díẹ̀ péré ni ara wọn fẹ́ jọ ìyẹ̀fun. Dúdú ni ológbò ń rí lórí ìyẹ̀fun, dúdú ló ń jẹ. Èyí tó kù ló ń bímọ. Ó ti ń kùn wọ́n láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò sì mọ̀ pé òun ń kun ọ̀dà."

Gbogbo ojú yí sí ológbò. Inú páànù búrẹ́dì ló sùn sí, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí ẹni tí iṣẹ́ ti pa.

Àlùfáà kì í ṣe onínú fùfù. Ó lọ ronú, ó sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó gbé tàkúté kan sókè lójú èrò, ó ní kí wọ́n wo wáyà, kí wọ́n wo ìkọ́ kékeré tó di ilẹ̀kùn mú. Ṣé pákó kàn ṣubú lu wáyà ni nǹkan yìí fi dáyé? Àwọn èrò ní rárá. Ṣé kò ní ẹni tó ṣe é ni? Wọ́n ní ó ní. Ó ní bí tàkúté lásán bá ní ẹni tó ṣe é, kí ni kí á wá sọ nípa èkúté tó gbọ́n jù ú lọ? Ìyá Oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́ títí ìyẹ̀fun fi bo òun àti ẹni tó dúró tì í.

Káfíńtà ní kí Àlùfáà má tíì lọ. Ó sáré wọ yàrá rẹ̀, ó kó àwọn tàkúté rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì láti orí àkọ́kọ́ dé orí ìkẹyìn. "Ẹ fi èyí tí mo jókòó ronú sí hàn mí," ló wí.

Àlùfáà nawọ́ sí ìkẹyìn, nítorí òun ló dára jù.

"Ẹ ò gbà á. Àkọ́kọ́ ni, àtàǹpàkò ló mú. Èyí, ayùn ló yọ̀. Èyí, igi tútù ló ká kòrókòró. Èyí, ìṣó kan ni mo gbàgbé. Èkúté ló yan èyí tó dára fún mi. Èmi kàn ń dáná sun ìyókù ni."

"O ṣeun," ni Àlùfáà wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ ta ló di ayùn mú?"

Káfíńtà kó àwọn tàkúté rẹ̀ padà sí yàrá. Aránṣọ ní oṣù kan ni kò fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó fi ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó kàn. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò ń rọ̀ gidigidi, ó lọ kan ilẹ̀kùn Àlùfáà, omi ń ro lára rẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ, ọwọ́ mi ló di ayùn mú," ló wí. "Ṣùgbọ́n ológbò kò di nǹkan kan mú." Ó yí padà, ó ń lọ. Àlùfáà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́, ó sì gbóhùn sókè sínú òjò pé ta ló wá dá ológbò.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Fún ọdún mọ́kànlá, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í jà. Wọ́n á jà lórí ojú ẹyẹ, wọ́n á jà lórí ẹsẹ̀ aláǹgbá, Àlùfáà á jókòó, káfíńtà á máa rìn síwá sẹ́yìn, á máa fi òòlù tọ́ka. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò ní ìsinmi. Bó bá ń po ìyẹ̀fun, etí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ wọn, bí ọ̀rọ̀ Àlùfáà bá fẹ́ rọ̀, á lu ìyẹ̀fun náà bí ẹni tí ń lu olè. Lọ́jọ́ kan ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó tètè borí àbúrò òun, ọjọ́ ń lọ. "Ìyá," ni Àlùfáà wí, "bí mo bá borí rẹ̀, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀?"

Ọjọ́ ń lọ lóòótọ́. Ẹ̀rún igi tí káfíńtà ti fà símú fún àádọ́ta ọdún wá béèrè àyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ikọ́ kò jẹ́ kó sùn, kò sì jẹ́ kó rìn. Dọ́kítà ní kó dùbúlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ayùn: ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan ló gùn ju ìyókù lọ, ó ní òun kò lè kú sórí ohun tó wọ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lè fi ààrò sílẹ̀, kò sì lè fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ìyẹ̀fun tó ń pò wọ yàrá náà, ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń pò ó níbẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ló wí. "Sọ pé Ẹnìkan ló dá ọ. Àwa méjì péré ló wà níbí. N kò ní sọ fún èkúté."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n wá parọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni?"

"Mo fẹ́ kí n dé ọ̀run kí n bá ọ níbẹ̀ ni." Ó gbá ìyẹ̀fun náà mọ́ tábìlì. "Bí n kò bá bá ọ, gbogbo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni n ó máa yọjú wò. N kò ní gbádùn ibẹ̀."

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo àga tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù láti àádọ́ta ọdún yìí? Kì í ṣe ẹni tó wọlé, tó ní àga yìí dára, tó sì gbé e lọ. Ẹni tó dojú àga dé ni. Ẹni tó fọwọ́ kan oríkèé rẹ̀, tó wo ibi tí ìṣó gbà wọlé. Bí Ẹni tí ẹ ń sọ yìí bá wà níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ oníṣẹ́ gidi, kò lè lé mi. Ní gbogbo ayé mi, àga rẹ̀ ni mo ń dojú dé."

Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ìbéèrè náà jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé àga náà dára gan-an," ni àbúrò rẹ̀ wí, "fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe."

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò mọ̀ bóyá ohun tí òun ń tọrọ nìyẹn, tàbí òdìkejì rẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun náà títí ó fi le. Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn dà bíi pákó. Àwọn oníbàárà rà á, wọ́n jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Aránṣọ ní orí bẹ́ẹ̀dì ni Olùkọ́ Èkúté kú sí. Ẹ má gbà á gbọ́. Ìdúró ló kú. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ń dún, kò sì lè fara dà á. Ó dìde lọ tún un ṣe. Wọ́n bá a níbi tó fara ti férémù, ìṣó kan wà láàárín ètè rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò dún mọ́ títí di òní. Búrẹ́dì tó wà nínú ààrò láàárọ̀ yẹn jóná, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń ṣe é.

Mẹ́rin nínú àwọn alàgbà ìjọ ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè gbé òkú ẹni tó ní ológbò ló kun èkúté wọ ilé ìsìn. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ àga náà fún wọn bí àbúrò rẹ̀ ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Nígbà tó parí, Àlùfáà ní kí àwọn alàgbà jọ̀wọ́ dìde, kí wọ́n dojú bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé dé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Káfíńtà ló ṣe é ní ogún ọdún sẹ́yìn. Abẹ́ rẹ̀ dán bí òkè rẹ̀, gbogbo oríkèé rẹ̀ mọ́ra wọn, níbi tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni tó máa débẹ̀. Alàgbà tó dàgbà jù nínú wọn fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ, pa á bọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sin ín," ló wí.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbálẹ̀. Tàkúté ìkẹyìn ṣì wà lábẹ́ pẹpẹ, níbi tí àbúrò rẹ̀ gbé e sí. Èkúté kan jáde, àwọ̀ ìyẹ̀fun. Ó yí tàkúté ká, ó gun orí rẹ̀, ó jókòó, ó ń fọ ojú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti bọ́ bàtà kan sọ́wọ́. Ó wo bàtà náà, ó sì tún un wọ̀. Ó bu búrẹ́dì gbígbóná díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbayawu, níbi tó jìnnà sí wáyà àti pákó. "Ẹ máa jẹun," ló wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti lọ."

Èkúté sọ̀ kalẹ̀. Ó na imú, ó gbóòórùn búrẹ́dì, ó gbóòórùn ilẹ̀ tó yí i ká, ó wo obìnrin náà. Ó wá fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé ìkan, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣàfojúdi, ó sì padà sábẹ́ pẹpẹ láìfẹnu kan búrẹ́dì náà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò rín lọ́jọ́ orí ẹja, gbogbo rẹ̀ ló rín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, títí ó fi di ògiri ààrò mú. Ta ló kọ́ èkúté yìí? Ó mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ó mọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń fà sẹ́yìn wo nǹkan, bó ṣe ń fi imú wádìí ohun tí gbogbo ayé ti gbà pé ó dára. Ó ti ń múra sílẹ̀ láti máa wá a lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn ọ̀run, abẹ́ pẹpẹ ilé rẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"O kọ́ wọn jù," ló wí, ó ń nu ojú. "Àbúrò mi, o kọ́ wọn jù."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú búrẹ́dì náà nílẹ̀, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù, ó sì jẹ ẹ́ níbi tó dúró sí.